Pákó Ẹnu Ọ̀nà Zánnú

Pákó tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà mì, Àgọ́sì sì gbá ọmọ tuntun náà mọ́ àyà. Nísàlẹ̀, omi adágún Nòkúé ń lu òpó tó gbé ilé ró lórí omi. Àgọ́sì ni táyínọ̀, ìyá àgbà tó ń ki oríkì ìran. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ọkọ̀ gbé ọmọ wá sílé baba rẹ̀, òun ló ń gbé e kọjá lórí pákó, á máa rìn, á máa kì í. Kò gbọdọ̀ dákẹ́. Táyínọ̀ tó bá dákẹ́ ti gbàgbé àwọn òkú nìyẹn, wọ́n á sì gbé oyè náà fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ó ti ń ṣàkíyèsí i láti ìgbà ọyẹ́: bó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bó bá ń ronú ọ̀rọ̀ bó ti ń rìn, ẹsẹ̀ á ṣe bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Táyínọ̀, ẹ jẹ́ ká gbóhùn yín o!" Zánnú, baba ọmọ, pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Àbí ẹ jẹ oríkì náà mọ́ ẹja lánàá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Orúkọ baba ńlá kan jáde, ó gbẹ́sẹ̀. Òmíràn jáde. Ta ló tẹ̀ lé e ná? Ibi tó ti ń wá orúkọ yẹn ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti tẹ etí pákó. Ara rẹ̀ yẹ̀. Ọmọ ké.

Yéè! Ó dúró gbọnin. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, omi ò sì ní béèrè oríkì ẹnikẹ́ni kó tó gbé e mì.

Ó panu mọ́, ó tẹjú mọ́ pákó, ó ń rìn.

"Háà! Ó ti gbàgbé!" ni obìnrin kan wí.

Àgọ́sì gbé ọmọ lé Zánnú lọ́wọ́. Ó wá di òpó ilé mú, ó ki ìran náà látòkè délẹ̀, kò fo ẹnì kan. Zánnú kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ dákẹ́ lórí pákó. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Huẹ́fà, ọmọ àbúrò Àgọ́sì, ló fà á lọ́wọ́ gba orí pákó padà sí ọkọ̀. "Ìyá, ta ni wọ́n ń kì lẹ́yìn ẹnì kejì yẹn? Ẹ kọ́ mi bó ṣe ń lọ."

"Dákẹ́ ná, ọmọ mi," ni Àgọ́sì wí. "Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá ṣubú."

Huẹ́fà wò ó, ó sì di apá rẹ̀ mú ṣinṣin. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà le dáadáa. Àgọ́sì mọ̀ pé Huẹ́fà ni yóò gbé ọmọ tí wọ́n bá tún bí kọjá lórí pákó.