Orin Kan Náà, Ọjọ́ Ọ̀tọ̀

"Òun nìyí," ni Sàlísù tún wí, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn sínú ẹ̀rọ.

Dorothée tẹ́tí. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Agbonou ló ń kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe òun."

Sàlísù ló ń bá ará ọjà Atakpamé da kásẹ́ẹ̀tì kọ. Bébà tí àwọn oníbàárà ń lẹ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì wọn máa ń há sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bó gbogbo rẹ̀ dànù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ohùn olóògbé wà nínú rẹ̀ ni Dorothée gbé fún un, kó lè dà á kọ fún Étienne, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lomé, tí kò tíì yọjú sílé láti ìgbà ìsìnkú. Ìdajì ìjọ náà sì ti kó tiwọn wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Inú apẹ̀rẹ̀ kan ni Sàlísù kó gbogbo rẹ̀ sí; gbogbo rẹ̀ dúdú, gbogbo rẹ̀ jọra bí ẹ̀wà.

"Ìyá Julienne, orin kan náà ni," Sàlísù ń kùn sí Dorothée, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. "Àwọn kan náà ló kọ ọ́. Ẹ mú èyí tó bá dùn jù."

"Ṣé ọbẹ̀ ni mo wá tọ́ wò? Ẹ̀gbọ́n Sàlísù, orin kọ́ ni mò ń wá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni."

Ó ṣàlàyé pé lọ́jọ́ náà òjò ń lu páànù ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ kan sì ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ; àwọn méjèèjì kò lè tún bọ́ sórí ẹsẹ orin kan náà lọ́jọ́ mìíràn. Sàlísù ní òun kò tíì rí ẹni tó ń fi ikọ́ wá orin rí. Síbẹ̀ ó ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwàásù ló wà nínú ọ̀kan. Nínú òmíràn, òjò rọ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ó ń ṣe Dorothée bíi kó da apẹ̀rẹ̀ náà nù.

Nígbà tó yá, òjò náà dé, ikọ́ tẹ̀lé e. Kí dùùrù tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan ti dá orin. Ó rí i pé òun ti yára jù, ó dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Dorothée fọwọ́ bo ẹnu.

"A ti rí i," ni Sàlísù wí pẹ̀lẹ́. "N ó gé àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò kó lè mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la."

Dorothée pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde, ó sì wé e mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ má dà á kọ mọ́. Bí Étienne bá fẹ́ gbọ́ ìyá rẹ̀, ó mọ ọ̀nà ilé."