Àmì Àpò Òwú Haskell Mabry

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti kúrò ní Memphis, títí di òní mi ò sì jẹ́ ka lẹ́tà ní ìdúró. Orúnkún mi ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yẹn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, lọ́jọ́ tí lẹ́tà Màmá Ozella Mabry dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìlà mẹ́ta péré ni. "Ọ̀gbẹ́ni Ellis Wardlow, mo gbọ́ pé ìwọ lò ń ta orúkọ ọkọ mi. Kó gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ wá sí Helena ní ọjọ́ Sátidé, kí n fi ojú ara mi rí i. Má jẹ́ kí n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Òwò mi nìyẹn lóòótọ́. Mo máa ń ra fọ́tò àti àwo orin tí àwọn tó kọ orin rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sí, mo sì máa ń tà wọ́n. Kì í ṣe àwọn olórin tí gbogbo ayé ń pariwo ni mo ń wí o. Àwọn tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì fi di olówó, àwọn ni tèmi. Nínú gbogbo wọn, Haskell Mabry ló sọ mí di èèyàn. Òun ló wà nídìí "Má Pa Fìtílà Náà", orin tí gbogbo ilé ijó wa fi ọdún 1957 jó mọ́jú.

Ọkùnrin náà kì í jáde, kì í sì í gba àlejò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni èyí tí gbogbo àwa tí à ń ṣe òwò yìí mọ̀: o ó fi fọ́tò sínú àpò ìwé, o ó fi àpò ìwé kejì tì í, èyí tí o ti kọ àdírẹ́sì ara rẹ sí tí o sì ti lẹ sítáǹbù mọ́, o ó wá máa retí. Ti Haskell kì í pẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti dé, orúkọ rẹ̀ á sì gún régé lára fọ́tò náà bí ọwọ́ olùkọ́. Mẹ́tàdínlógún ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú. Mo fi férémù sí gbogbo wọn, mo sì ti ta mẹ́rìnlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ìwé ẹ̀rí tẹ̀ lé: "Èmi Ellis Wardlow fi orúkọ mi dúró pé ọwọ́ Haskell Mabry ló kọ èyí." Bí àwọn ará Chicago tó ń ra irú rẹ̀ bá ń jiyàn lórí ìfọwọ́sí Haskell, èmi ni wọ́n máa ń pè lórí fóònù. Tèmi ni wọ́n fi ń díwọ̀n ti gbogbo ènìyàn.

Ẹ ó wá rí ìdí tí mi ò fi lè sùn. Bí opó rẹ̀ bá fi lè wo ọ̀kan kó sọ pé irọ́ ni, gbogbo rẹ̀ wó nìyẹn. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n sọ ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣòwò sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin nítorí orúkọ èké.

Ọjọ́ Sátidé, mo kó férémù mẹ́ta tó kù sẹ́yìn ọkọ̀, mo sọdá afárá sí Arkansas. 

Díákónì Thaddeus, àbúrò Màmá, ló wà lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, wọ́n ń bó ẹja àrọ̀. Mo kí wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fa awọ ẹja kan láti orí dé ìrù, wọ́n wá wo bàtà mi.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ Memphis tó ń ta òkú?"

"Fọ́tò ni mò ń tà, sà."

"Fọ́tò òkú." Wọ́n fi ọ̀bẹ júwe ilẹ̀kùn. "Nu ẹsẹ̀ rẹ kó o tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bínú lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bu ú."

Màmá Ozella kéré, wọ́n sì gbẹ, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í ṣẹ́. Wọ́n gbé tíì oníyìnyín àti kéèkì ọsàn wẹ́wẹ́ síwájú mi.

"Jẹun."

"Mo ti yó, mà."

"Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú." Wọ́n na ọwọ́. "Kó wọn wá."

Mo to férémù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Wọ́n wo ti àkọ́kọ́, wọ́n wo ìkejì, wọ́n gbé ìkẹta súnmọ́ fèrèsé. Mò ń gbọ́ aago ara ògiri. Mò ń gbọ́ ọ̀bẹ Díákónì lára egungun ẹja níta.

"Ó dáa," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ọwọ́ mi ò tíì máa gbọ̀n nígbà yẹn."

Mi ò gbọ́ ọ yé. Wọ́n mú bírò, wọ́n fa àpò lẹ́tà kan mọ́ra, wọ́n kọ ọ́ láìwo ibì kankan: Haskell Mabry. H náà ká ìrù rẹ̀ sínú bí ajá tó ń sùn. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń fi awò wo H yẹn.

"Haskell ò mọ̀wé," ni Màmá wí. "Inú orí ló ń kó orin sí, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹ́ orúkọ rẹ̀ lára fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ojú tì í. Ó ní, 'Ozella, bá mi kọ ọ́ fún wọn, wọ́n kúkú ti ra sítáǹbù.'"

 Mẹ́rìnlá, lára ògiri mẹ́rìnlá, pẹ̀lú orúkọ tèmi lẹ́yìn wọn.

"Màmá, ta lẹ ti sọ fún?"

"Kò tíì sí." Wọ́n jẹ́ kí "tíì" yẹn pẹ́ nínú yàrá. "Ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ pè ọ́. Nígbà tí Kessinger tó ń gba orin Haskell sílẹ̀ kú, tí wọ́n lu gbogbo ẹrù sítúdíò rẹ̀ ní gbàǹjo, wọ́n ní ìwọ lo ra àpótí ìwé."

"Èmi ni, mà."

"Kessinger fi orúkọ ara rẹ̀ sórí 'Má Pa Fìtílà Náà' tí Haskell kọ. Lọ́yà ní òfin gbà mí láyè láti gba orin náà padà lọ́dún yìí tó pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ọdún bá ti lè parí, ó tán. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó orin náà ní New York ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé Haskell ló kọ ọ́ wá. Ìwé yẹn wà nínú àpótí rẹ. Haskell fúnra rẹ̀ ló ṣe àmì sí i."

"Irú àmì wo?"

Wọ́n yà á: àgbélébùú kan, pẹ̀lú òdo kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àmì àpò òwú rẹ̀ ni. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti fi ń mọ àpò tirẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n ní oko òwú."

Mo ti rí àmì náà rí. Ó wà lára bí ìwé méje mẹ́jọ nínú àpótí yẹn. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní Kessinger olè ló yà á, nítorí kí ni Haskell, tó ń kọ̀wé bí olùkọ́, fẹ́ fi àgbélébùú ṣe? Ṣùgbọ́n bébà náà nípọn, ó sì le dáadáa. Mo fi wọ́n tẹ́ ẹ̀yìn fọ́tò nínú férémù, kí fọ́tò má baà ká kò.

Irọ́ ti dúró sí ẹnu mi. Omi wọ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mà, ó ba gbogbo àpótí náà jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, mo lè kó férémù mi kí n máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo bá tú férémù, tí ìwé náà bá sì jáde, èmi ni wọ́n máa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe débẹ̀, àṣírí orúkọ ara fọ́tò á sì tú.  Màmá ń wo H tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, wọ́n ń fi àtàńpàkò nu yíǹkì bírò tó kán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ yá mi lọ́bẹ, mà," ni mo wí.

Díákónì ló gbọ́. Wọ́n wọlé, ọ̀bẹ ẹja lọ́wọ́. "Èyí ló wà. Kí lo fẹ́ fi gé?"

Mo fi tú férémù àkọ́kọ́. Ìwé owó téèpù sítúdíò ló wà níbẹ̀. Ìkejì ní àmì náà, ṣùgbọ́n orin mìíràn ni. Díákónì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n tú ìkẹta fúnra wọn bí ẹni tó ń la ikùn ẹja. Bébà náà yọ jáde. "Má Pa Fìtílà Náà", ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, 1957. Àgbélébùú kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òdo sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Díákónì ṣí fìlà. Màmá fi ìka kan lé òdo yẹn, wọn ò gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

"Lọ́yà máa bèèrè ibi tó ti wá," ni mo wí.

"Á bèèrè."

"Mo lè ní inú àpótí ni mo ti rí i."

"O lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá bi ọ́ ìdí tí àpá férémù fi wà létí rẹ̀ yí po. O ò mọ irọ́ pa, Ellis. Kéèkì yẹn ṣì wà nínú abọ́."

"Àbí ká bá a kọ ẹ̀rí náà fún lọ́yà?" ni Díákónì wí. "Ìdílé wa kúkú mọ̀ ọ́n ṣe."

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo kọ ibi tí mo ti ra ìwé náà, ẹ̀yìn ohun tí mo fi í sí, àti pé orúkọ tó wà lára fọ́tò náà, tí mo ti ń tà bí òótọ́ láti ọdún yìí wá, kì í ṣe ọwọ́ Haskell. Lẹ́yìn náà ni mo buwọ́ lù ú. Ẹ̀rù ti ba ọwọ́ mi jẹ́. Orúkọ náà jáde wọ́gọwọ̀gọ.

Màmá wọ awò. "Ṣé báyìí lo ṣe máa ń kọ orúkọ rẹ?"

"Rárá, mà."

"Bí mo bá jẹ́ ará Chicago, mi ò ní rà á. Thaddeus, ṣe ẹlẹ́rìí fún un."

Díákónì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n kọ orúkọ tiwọn sábẹ́ tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ẹja díẹ̀ kù ní àtàńpàkò wọn, ó sì kan etí ìwé.

Orin náà padà sọ́wọ́ Màmá kí ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e tó dé. Èmi ti ti ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rìnlá sí àwọn tó rà á lọ́wọ́ mi, mo jẹ́wọ́, mo ní kí wọ́n dá fọ́tò padà kí n dá owó wọn padà, mo sì fi àpò ìwé kejì tó ti ní sítáǹbù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àpò ìwé náà ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lójú wọn. Àwọn kan bú mi, ẹnì kan ní òun ti rí lọ́yà. Mo jókòó ka gbogbo wọn.

Mẹ́tàlá padà. Ìkẹrìnlá ò dé títí mo fi kó wá sí Tacoma níbí, kò sì tíì dé títí dòní. Ó wà lára ògiri ẹnì kan, pẹ̀lú orúkọ mi tí mo fi dúró. Ó sì ṣeé ṣe kí àmì àpò òwú kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Tí mo bá gbọ́ ọkọ̀ onílẹ́tà ládùúgbò, mo máa ń wá àga.