Tẹ Ibi Àwọ̀ Ewé

…bó bá wá tún sọ ọ́ ńkọ́? Bí Goodness bá dìde lónìí níwájú gbogbo àwọn àlejò, tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà dání, tó ka ìtàn àkùkọ yẹn láìkọsẹ̀, tó wá dé ibẹ̀ — ibi tí mo ti ní kó pa ẹnu mọ́ — tí ahọ́n rẹ̀ sì yọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ojú á pọ̀ lára rẹ̀. Àgbà pàápàá, bí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀…

Rárá. Kò ní sọ ọ́. Mo ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, mo dúró tì í, mo kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́.

Èmi. Èmi Ṣìkẹ́mi, tí mo ń pariwo lójoojúmọ́ nínú yàrá àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má rẹ́ ọmọ tálákà jẹ. Èmi ni mo jókòó kọ́ ọmọ tálákà bí yóò ṣe díbọ́n pé òun ń kàwé.

Ọkọ̀ yìí ò tiẹ̀ kánjú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Oǹdó sílẹ̀ ni, a fún mọ́ra lẹ́yìn débi pé ẹnikẹ́ni ò lè yí apá. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti dagẹ̀rẹ̀ ni awakọ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, torí epo. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ní irú ọdún yìí, ta ló máa bá ẹni tó ń ṣọ́ epo lò wí? Gbogbo nǹkan la ń ṣọ́ lò. Màámi ti gbé sítóòfù gáàsì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, igi ló fi ń se ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣọ́ agbára lò. Wọn kì í sáré mọ́ nígbà ìsinmi. Wọ́n á kàn jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n á máa wo pápá. Ẹni tí kò jẹun láàárọ̀ kì í sáré.

"Ìwọ nìkan kọ́ lo máa tún ayé ṣe." Màámi nìyẹn, láàárọ̀ yìí, ó ń wo oúnjẹ tí mi ò fọwọ́ kàn. "Jẹun, ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ ò ní fi ebi pa ọ́ ní Oǹdó."

Mi ò ní kí n tún ayé ṣe. Ọmọ kan ni. Ọmọ kan péré…

Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀ gan-an? Lọ́jọ́ tí wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì wá sílé-ìwé wa ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, mo jó. Mo jó láàárín pápá, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Torí mo ti rí tàwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni ní Alágbàká, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bàbá wọn, tiwọn wà lápò. Mo máa ń wò wọ́n, màá máa bi ara mi. Kí ló dé tí tiwa ò fi ní rí i lò? Mo ṣì ń bèèrè. Mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ẹ̀rọ náà sì dára. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ìwé sókè, ohùn obìnrin kan, ohùn tútù, Yorùbá tó mọ́ gaara. Á kà, àwọn ọmọ á gbè é. Bí àwa náà ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ nìyẹn: olùkọ́ wí, ọmọ gbè. Kò sí kíláàsì kan láti Ìjàrè dé Ìgbàrà-Òkè tí wọn kì í ti í gbè. Bí gbígbè bá ròkè, olùkọ́ á ní iṣẹ́ ń lọ, ọ̀gá tó ń kọjá lóde á mi orí. Ohùn Goodness ló sì máa ń ròkè jù. Mo fi ṣe olórí ìwé kíkà. Mo ní ọmọ yìí mọ̀wé.

Títí di ọjọ́ tí mo ní kó dá kà á.

"Àkùkọ Bàbá kọ. Ilẹ̀ mọ́. Bàbá gbé àdá, ó gba oko kòkó lọ. Tẹ ibi àwọ̀ ewé láti tẹ̀ síwájú. Nínú oko, Bàbá rí ọ̀kẹ́rẹ́…"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ojú rẹ̀ ò yẹ̀: Bàbá gba oko kòkó lọ, tẹ ibi àwọ̀ ewé láti tẹ̀ síwájú. Bí ẹni pé ibì kan wà lẹ́nu oko tí Bàbá gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ọ̀nà tó là. Ohun tí ohùn yẹn máa ń sọ lópin ojú ìwé, kí ọmọ lè mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn, ó ti wọnú ìtàn lọ. Mo pe ọmọ mìíràn. Tẹ ibi àwọ̀ ewé. Mo pe òmíràn. Tẹ ibi àwọ̀ ewé… Kò sí èyí tó ń wo ọ̀rọ̀ kankan. Etí ni wọ́n fi ń kàwé.

Mo wá pa ohùn ẹ̀rọ náà. Mo ṣí ìtàn mìíràn. Kíláàsì dákẹ́ — kíláàsì kẹrin o — wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá Adépọ̀jù, ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mi ò lè pè é lẹ́ni burúkú. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì kejì, òun ló ṣáájú wa lọ kó páànù nínú igbó, pẹ̀lú ìró àti gèlè. Ó gbọ́ mi dópin. Ó wá nawọ́ sókè, sí ihò òrùlé tí ojú ọ̀run ti ń yọ.

"Ṣìkẹ́mi, ọmọ mi, ṣé o rí ìyẹn? Àwọn tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé, ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fi mọ ilé-ìwé tí wọ́n máa bá kan òrùlé, tí wọ́n máa fún ní sólà. Bí ọwọ́ wa bá ṣófo, wọ́n á kó ẹ̀rọ wọn lọ ibòmíràn. Òjò á wá máa pa àwọn ọmọ yìí, wọn ò ní ní ẹ̀rọ, wọn ò sì ní mọ̀wé náà. Ṣé òdodo tìrẹ nìyẹn?"

Mo gbójú sókè wo ihò náà. Mo ṣì ń rí i di ìsinsìnyí.

"Ṣáà ní kí Goodness fo ibẹ̀ yẹn. Ọmọ orí pípé ni."

Kó fo ibẹ̀ yẹn.

Akínlolú tó ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ajàfẹ́tọ̀ọ́! Ṣé síléètì lo fẹ́ ká padà sí? Ìwọ náà tí o jó!" Mo ní ẹ̀rọ kọ́ ni mo ń bá jà. Ó ní, "Ó dáa, sọ ọ́ síta ká gbọ́: ẹ̀rọ ò yẹ ọmọ tálákà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. A ti kọjá Bọ́lọ́rundúró, ó ṣì ń gún mi. Torí bí mo bá ní ká kọ́kọ́ kọ́ wọn ní lẹ́tà, ṣe ló dà bíi pé mo ní kí ọmọ Alágbàká máa sáré, kí tiwa ṣì máa rá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i… Àwọn ọmọ Alágbàká yẹn, ẹnì kan ti jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó mọ ẹ̀rọ. Ẹnì kan di ìka wọn mú, ó fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó ní: kí nìyí? Ó wá dúró. Kò bá wọn sọ ọ́. Ó dúró dè wọ́n títí ó fi jáde lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n fi jù wá lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ lè dọ́gba lọ́la. Ẹni tó máa dúró deni ni kò dọ́gba.

Ta ló dúró de Goodness? Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ kiri ilé onílé, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé.

Ìyá rẹ̀… Ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kúnlẹ̀, èmi tí ó lè fi ṣe àbúrò. "Àǹtí, ẹ ṣeun o. Bó bá ń kàwé nínú ulé, àfi bí ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò! Àwa náà ti mọ̀ ọ́n sórí. Tẹ ibi àwọ̀ ewé! Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀, Àǹtí? Ṣé oko kòkó yẹn náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Oko kòkó náà ni.

Ó ń bọ̀ lónìí. Ó ní aṣọ tí òun fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun máa wọ̀, iwájú lòun máa jókòó sí. Bí ọmọ bá wá ṣe é láṣeyanjú, tí àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, inú ìyá á dùn dé ilé, òrùlé á dé, ó parí. Ọmọ náà á wọ kíláàsì karùn-ún, á wọ kẹfà, ẹnikẹ́ni ò ní bi í mọ́. Ta ló máa bi ẹni tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún? Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ìtìjú á bá ìyá níwájú èrò, òjò á máa rọ̀ sí kíláàsì kejì. Èwo ni kò rẹ́ni jẹ níbẹ̀?

Ọ̀wẹnà nìyí. Awakọ̀ tún ti pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ọkọ̀ pa lọ́lọ́, afẹ́fẹ́ nìkan…

Ó bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti fo ibẹ̀ yẹn dáadáa, mo ti yìn ín, mo ti ń kó ẹrù mi, kí n lè rí ọkọ̀ Oǹdó wọ̀. Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n bá ṣí ìtàn mìíràn ńkọ́?"

Mo ní wọn ò ní ṣí òmíràn.

"Bí wọ́n bá ṣí i?"

Mo ní kó má bẹ̀rù, Màmá Adépọ̀jù á bá wọn sọ̀rọ̀. Kò lọ. Ó ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó gbé ẹ̀rọ náà dání, ó ń fi ètè ṣe nǹkan kan. "Àǹtí…" Mo ní, "Ó ti tó. Máa lọ ulé, òjò ń bọ̀." Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó lọ. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń sọ pé ẹ̀rù àwọn àlejò ló ń bà á…

Dúró ná.

Ẹ̀rọ tó gbé kalẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ kí n tó pa á. Kì í ṣe àkùkọ ló wà níbẹ̀. Ìtàn mìíràn ni. Òun ló ṣí i. Kò sì sí ohùn kankan nínú yàrá yẹn — mo ti sọ pé àwọn yòókù ti lọ — òun ló pa ohùn rẹ̀. Nígbà tó dúró tì mí, ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Kì í ṣe ẹ̀rù.

Ó ń kà á ni. Ó ń gbìyànjú. Kò gbè, kò ròkè, ìyẹn ni mi ò ṣe gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pa ohùn tó ń bò ó láṣìírí, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó wá dúró dè mí. Òun ló dúró. Èmi ni mo ń sáré lọ wọ ọkọ̀.

"Àkúrẹ́ dé o! Ẹ̀yin Ọjà Ọba, ẹ máa bọ́ sílẹ̀!"

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Àǹtí, ẹ yà fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń yà, mo ń yà… Òrùlé ṣì wà bó ṣe wà. Àwọn àlejò ṣì ń bọ̀. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì á ti wà lára ìyá Goodness báyìí.

Ọ̀rọ̀ wo ni? Mi ò tiẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ wo ló fi ìka sí?

Màá kọ́kọ́ bi í, kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Bó bá pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, kó pẹ́. Kí àlejò jókòó, kí Màmá Adépọ̀jù jókòó, kí ìyá rẹ̀ jókòó síwájú níbẹ̀. Kí gbogbo wa dúró dè é.