Orúkọ Tí Bírò Pupa Gé

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń bú ìwé Àǹtí Bàdírátù. Ìtàn ọ̀daràn ni, ti ayé àwọn ajẹ́lẹ̀: wọ́n pa oníkòkó kan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì mú ìyàwó olóògbé pẹ̀lú àbúrò olóògbé. Ó ní ẹnu obìnrin náà lòun ti mọ̀. Ẹnu wo? Èmi Àtọ́kẹ́, tí mo ṣe àtúnṣe ìwé náà fún ilé ìtẹ̀wé ní Ring Road kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ni mo ń sọ fún ayé gbọ́ pé ìtàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́dún yìí wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀. Àǹtí ní èmi ni kí wọ́n gbé e fún, pé ojú mi mú. Ilé ìtẹ̀wé fi àfọwọ́kọ àtijọ́ kún un. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi l'Ágbowó, mo ń kà á, mo ń pòṣé.

Mo dé ibi tí ìyàwó ti ń jẹ́rìí ní kóòtù, kí wọ́n tó mú un: "Tàjúdéènì kò sí nílé lọ́jọ́ náà." Bírò pupa ti gé orúkọ àbúrò ọkọ yẹn, ó fi "Akọ̀wé" rọ́pò rẹ̀. Bírò tèmi ni. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí nígbà náà, ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀rọ̀ gún mi lára torí mo pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ. Ìyàwó wo ló ń pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ? Mo ní Àǹtí ò mọ àṣà, mo sì tún un ṣe níbi méje.

Háà! Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Obìnrin náà ti mọ Tàjúdéènì kó tó mọ ọkọ. Ìwé yìí dùn, ó dùn gan-an ni, èmi ni mo yọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Àǹtí kò sì gbé ìwé mìíràn jáde mọ́ láti ìgbà náà. Mo lè dá orúkọ náà padà jẹ́ẹ́jẹ́ kí n panu mọ́, mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nílé Àǹtí ní Bódìjà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ba ìwé yín jẹ́."

Mo fi orúkọ tí bírò pupa gé hàn wọ́n, mo sì sọ ohun tí ìyá ọkọ mi wí nígbà náà. "Mi ò ka èyí tí wọ́n tẹ̀ rí," ni wọ́n wí. "Nígbà tí gbogbo yín ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo gbà pé mi ò mọ ìwé kọ ni."

Mo bú sẹ́kún.

"Dìde jàre. Àbúrò ọkọ ẹ ńkọ́, kí lo ń pè é báyìí?"

"Akọ̀wé ni, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé fáìlì eléruku kan jáde.

"Ìwé kejì rèé. Ọdún kejìdínlógún tí mo ti fi pamọ́ nìyí. Kà á."

Mo na ọwọ́. Wọ́n fà á sẹ́yìn.

"Kọ́kọ́ kó gbogbo bírò inú báàgì ẹ fún mi ná."