Gìgísẹ̀ Kiptalam

Àbúrò mi ọkùnrin, Kiptalam, kì í sọ pé nǹkan ń dun òun. Ní òkè Iten ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti bí wa, wọn kì í kọ́ ọmọkùnrin ní ìyẹn. Tó bá tó àkókò tí wọ́n máa dákọ́ fún un, iwájú àwọn àgbà ló máa dúró sí. Wọn ò ní wo ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa wò. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ṣẹ́ pẹ́rẹ́n, ìtìjú dé bá ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kì í débẹ̀. Ilé ni èmi àti ìyá mi wà ní àárọ̀ ọjọ́ ti Kiptalam, nígbà tí bàbá wa wọlé, tó jókòó, tó ní, "Ojú ọmọ yẹn ò ṣẹ́." Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í yin èèyàn. Láti ọjọ́ náà, ibi tí èèyàn méjì bá ti jókòó, á sọ ọ́. Àbúrò mi á tẹrí ba, inú rẹ̀ á máa dùn bíi ti ẹni tí wọ́n ta ní màlúù lọ́rẹ.

Eré sísá niṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá wa ní kò tó ohun tí wọ́n ń pín, ẹsẹ̀ Kiptalam ni oko rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n pè é sí eré ìdíje kan ní Eldoret, níbi tí wọ́n ti máa yan àwọn tó máa fi aṣọ Kẹ́ńyà sáré lókè òkun. Ó ti ń wá irú ìpè bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Eré náà kù díẹ̀ ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá gbé e dè. Dókítà kọ oògùn kan fún un, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní sipirò. Mo bá a lọ rà á ní kẹ́míìsì Cherop, torí mo mọ̀ pé bí mi ò bá tẹ̀ lé e, etí òsì ló máa fi gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.

"Omi ni kó o fi máa lò ó," Cherop sọ fún un. "Má fi wàrà lò ó, ìbáà jẹ́ mursik kíkan inú akèrègbè. Wàrà kì í jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ nínú ara."

"Mursik náà? Ṣé ẹ fẹ́ kí bàbá mi lé mi nílé ni?"

"Tó bá lé ẹ, ṣebí o mọ eré sá. Gbọ́ èyí tó kù. Oògùn yìí máa ń bá iṣan àwọn kan jà, àgàgà iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ lo fi ń jẹun. Tó bá ti ń dùn ẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, má sáré, má lo òmíràn, wá bá mi lójú ẹsẹ̀. Dókítà á fún ẹ ní irú mìíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Wàrà ni mo gbájú mọ́ ní tèmi. Ọjọ́ kejì ni bàbá wa gbé akèrègbè mursik wá fún aláìsàn rẹ̀.

"Baba, oògùn rẹ̀ ò fẹ́ mursik."

"Mursik la fi tọ́ ọ. Ẹni tó ṣe oògùn yẹn, ṣé ó lè sáré tó ọmọ mi?"

Mo gba akèrègbè náà, mo gbé e sínú yàrá mi, mo ti ìlẹ̀kùn pa. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n ibà náà lọ, Kiptalam ń jẹ ugali, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo wá ń yan káàkiri ilé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Mi ò mọ̀ pé mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá.

Oògùn náà kò tíì tán lọ́jọ́ tí mo rí i tó ń wọ bàtà láàárọ̀. Ó ki ìka bọ ẹ̀yìn bàtà náà, ó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó má baà kan gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Gìgísẹ̀ ń dùn ẹ́?"

Bàbá wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kiptalam kọ́kọ́ wo ojú bàbá kó tó wo tèmi. "Rárá, ẹ̀gbọ́n."

Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọgbà. "O rántí ohun tí Cherop sọ?"

"Mo rántí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gba mursik lọ́wọ́ mi, mi ò bá yín jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gba eré mọ́ ọn." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ bá a fẹnu sọ ọ́.

Lọ́jọ́ eré náà, bàbá wa wọ kóòtù rẹ̀ àtijọ́, àwa méjèèjì dúró létí okùn. Nígbà tí wọ́n máa gun òkè tó gbẹ̀yìn, Kiptalam àti àwọn méjì mìíràn ló wà níwájú. Mo ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Lójijì ó bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ta nípàá lẹ́yìn ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ó jókòó sórí koríko. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ náà kò gbé e. Àwọn tó kù ń kọjá lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá.

Bàbá mi fọwọ́ kan ọkùnrin tó dúró tì í. "Ẹ wo ojú ọmọ mi," ó ní. "Kò ṣẹ́."

Bàbá mi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ yún mi láti lù ú lọ́jọ́ yẹn.

Iṣan náà ti já pátápátá. Nílé ìwòsàn, dókítà ní àwọn máa rán an, pé ó máa rìn. Kò dárúkọ eré, a kò sì bi í, torí gbogbo wa ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ gìgísẹ̀ kejì.

"Èyí ńkọ́, ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá."

"Èyí tó já yẹn, ìgbà wo ló ti ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí, sà."

Dókítà fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. "Ibà yẹn ì bá pa ẹ́, oògùn yẹn ló gbà ẹ́. Mi ò bá oògùn jà. Àmọ́ iṣan kì í ṣàdédé já, á ti kọ́kọ́ máa ké. Èyí tó kù yìí ti wú. Tí o ò bá sọ òótọ́ fún mi, òun náà á já."

Bàbá ni Kiptalam ń wò. Bàbá wa mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì. N kò tíì rí i kó wo nǹkan kan lára ọmọ náà rí bí kò ṣe ojú. Ó wá fà mí lọ́wọ́, ó mú mi jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, ohùn àbúrò mi jáde tíntín, bíi tìgbà tó wà ní kékeré. "Ó ń dùn mí." Ó tún un sọ, ó tún un sọ, ó wá bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ wọlé. Bàbá mi di ìlẹ̀kùn mú, ó ní kó jọ̀wọ́ ṣe sùúrù, ọmọ òun ń sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ògiri.

"Jemeli," ó ní, "má wo ojú mi."

N kò wò ó.