Wáìnì Tí Wọ́n Fi Ń Jẹ Ẹja

Wáìnì funfun ilẹ̀ Faransé ni Olúgbémiga ń mu, èyí tí kò wọ́n, tó kún inú gbogbo ilé ìtajà ní Barking nílùú Òyìnbó. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló sọ fún un pé àwọn ará Faransé a máa fi jẹ ẹja, pé kò wúwo. Ó ra ọ̀kan, ó gbé e sínú fíríìjì, ó fi jẹ ẹja díndín. Ó ní ó tutù, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu bí ọsàn tí kò tíì pọ́n dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́ládé, ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà: èso ápù tútù, iyọ̀ òkun, òkúta tí òjò rọ̀ sí.

"Bàbá Ìyìn, ta ló ń mu òkúta?"

"Ìwọ náà tọ́ ọ wò."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í mu ọtí."

"Oúnjẹ lèyí, Ìyá Ìyìn."

Kí ọdún tó yí, kò sí ẹja mọ́. Wáìnì nìkan ló kù, lójoojúmọ́. Ọmọ́ládé mú un lọ bá wòlíì. Wòlíì gbàdúrà sí omi nínú ìgò búlúù kan, ó ní kí Olúgbémiga máa mu ún lórí ìkúnlẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Omi tí wọ́n bá gbàdúrà sí fún ẹnì kan, ẹlòmíràn kì í tọ́ ọ wò. Nítorí náà Ọmọ́ládé kò ṣí ìgò náà rí. Òun a ka Sáàmù, ọkọ rẹ̀ a mu. Ọmọ́ládé kò rí wáìnì nínú ilé mọ́. Ó dìde nínú ìjọ, ó jẹ́rìí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ máa ń fẹ́ èémí sí ní gárèjì sọ pé ọtí wà lẹ́nu Olúgbémiga. Ó búra pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé. Bí wọn ò bá gbà á gbọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ọmọ́ládé bá a lọ.

Máníjà gárèjì, Godswill, ọmọ Ẹdó, fara balẹ̀ gbọ́ wọn. "Mọ́mì, kí ló ń mu kó tó jáde nílé?"

"Omi àdúrà, sà. Mo gbé e wá kí ẹ lè rí i." Ó fa ìgò náà yọ nínú báàgì.

"Ìyá Ìyìn, dá a padà," ni Olúgbémiga wí.

Obìnrin náà rò pé ojú ló ń tì í níwájú ọ̀gá rẹ̀. "Ohun tó wò yín sàn ni kí n gbé pamọ́?"

"Mo bẹ̀ ọ́."

Godswill rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà máa ń mu irú omi bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìdérí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rọra ti ìgò náà sọ́dọ̀ Ọmọ́ládé.

"Mọ́mì, ẹ gbóòórùn ẹ̀."

Ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn tó ti wà lára ìrọ̀rí wọn láti ọdún tó kọjá ni.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Olúgbémiga níbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà, Ọmọ́ládé bi í pé, "Látìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

"Lórí ìkúnlẹ̀? Tí mò ń ka Sáàmù?"

 Olúgbémiga ní, "Mo kọ́kọ́ mu omi náà, Ìyá Ìyìn. Mo mu ún dáadáa. Omi ni."

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó rélùwéè Barking, Olúgbémiga dìde, ó sọ̀kalẹ̀. Thames View tí wọ́n ń gbé ṣì wà níwájú. Ọmọ́ládé rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe ń sọdá títì lọ sí ilé ìtajà. Bọ́ọ̀sì dúró pẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Kò pè é.