Páswọ́ọ̀dù Àkànní

Bí ẹ bá ń wá Ọlájídé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu dé ilé rẹ̀ ní Upper Sakponba. Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀ yóò kàn fẹnu júwe Ọjà Santana fún yín ni, kò tilẹ̀ ní gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń lọ̀. Lábẹ́ ibòji kan lẹ́yìn àwọn tó ń ta gààrí, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò tẹjú mọ́ pátákó dráàfù bí ẹni tó ń ka ìwé ogún bàbá rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Ọlájídé ni alákòóso kọ̀ǹpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ugbowo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Tẹ́lẹ̀, "Dráàfù1" ni páswọ́ọ̀dù tó fi ti sáfà pa. Akọ̀wé ọ́fíìsì, tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dráàfù kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó ṣí, ó sì tẹ orin ìjọ rẹ̀ jáde sórí ogójì ìwé. Ojú ti Ọlájídé. Ó búra pé òun yóò fi èyí tí ọmọ ènìyàn kankan ní ìlú Benin kò ní í ronú kàn sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù, ó ṣàdúrà fún un, ó sì ki oríkì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọlájídé gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì, omi lé ròrò sí i lójú. Ó mú ìlà kẹta nínú oríkì náà, ó pa àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì fi ti sáfà pa. Kò kọ ọ́ síbì kankan. "Ẹni tó bá kọ páswọ́ọ̀dù sílẹ̀," ló ń wí káàkiri, "ó ti kó kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́."

Ohun tó yẹ kó ṣe lẹ́yìn náà kò nira. Kó pe ìyá rẹ̀, kó dúpẹ́, ó tán. Kò ṣe é. Lọ́jọ́ kejì tí ìyá fúnra rẹ̀ pè, Ọlájídé wà nídìí dráàfù. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ mi dí, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Kò pè é padà. Ọjọ́ náà ló jẹ ọmọ mẹ́rin mọ́ Efosa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó fẹ́ ká fídíò pátákó náà fún àwọn aláìgbàgbọ́, fóònù ní àyè ti tán. Ó bá pa gbogbo ohùn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i rẹ́, ti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Iná lọ, iná dé, sáfà sì ní kí wọ́n tún páswọ́ọ̀dù tẹ̀. Ìyáàfin Itohan, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin Edo tí ohùn rẹ̀ kì í rẹlẹ̀, já wọlé. Orúkọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá gbọ́dọ̀ dé Àbújá kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Bí kò bá dé, ìdánwò di ọdún tó ń bọ̀. Inú sáfà ni orúkọ ọ̀hún wà.

Ọlájídé jókòó, ó na ìka. Ó rántí ìlà kìíní, ó rántí ìkejì. Ìlà kẹta kò wá. Dípò rẹ̀, ọmọ dráàfù mẹ́rin tó jẹ ló ń tò lọ tò bọ̀ nínú orí rẹ̀. Ó tẹ èyí tó jọ ọ́, sáfà kọ̀. Ó tẹ òmíràn, sáfà kọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, sáfà kọ ọ́ sójú pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìyẹn náà kò bá bọ́ sí i, òun yóò ti ara òun pa di ọ̀la. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, òógùn sì ń ṣàn lára Ọlájídé. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ọmọ ọlọ́mọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ọdún kan gbáko, nítorí ọgbọ́n àgbọ́njù tirẹ̀!

"Jide, who sabi this password?" Ìyáàfin Itohan bi í.

"Na my mama, ma."

"Your mama dey work here?"

Ọlájídé ti fa fóònù yọ. Ó ti ń pe Ìkìrun.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ọlájídé."

"Háà, Ọlájídé! Ọwọ́ mi dí, mo ń bó ẹ̀gúsí. Jẹ́ n pè ọ́ padà." Ó sì pa fóònù.

Aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, ó pè lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìyáàfin Itohan gba nọ́ńbà náà, ó fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó sì yí i sí fídíò. Ìyá gbé e.

"Mama, good morning o. Na your pikin madam be this. Abeg, we need you."

Ìyá ti ta aṣọ ní Sapele rí, èdè náà kò ṣàjèjì sí i. "Madam, good morning. I greet am for birthday since Friday. Reach today, e never tell me thank you."

Ìyáàfin Itohan rọra yíjú sí Ọlájídé. Akọ̀wé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pòṣé. Ọ̀rọ̀ Àbújá kúrò lọ́kàn gbogbo wọn fúngbà díẹ̀.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," ni ìyá wí, "bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Kó dọ̀bálẹ̀, kí n rí i."

Ọlájídé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì, tòun ti táì lọ́rùn. Ìyáàfin Itohan na fóònù sí i láti òkè.

"Àyà ẹ ò kanlẹ̀."

Ó mú àyà kanlẹ̀. "Màmá, ẹ ṣé fún ti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí."

"Ṣé ìfẹ́ mi ló ń ṣe ọ́, àbí ohun kan lo fẹ́ gbà?"

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ṣòro pa níbi téèyàn ti da imú délẹ̀. "Mo fẹ́ gba nǹkan, Màmá. Ṣùgbọ́n àárò yín ń sọ mí lóòótọ́."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀:

"Àkànní ọmọ a-gbẹ́-kànga-má-dá-mu,
Ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-kálejò-tó-dé,
Ọmọ a-rìn-jìnnà-má-gbàgbé-ilé…"

Ọlájídé kò tètè dìde. Ó ti pé ọdún méjì tó ti fojú kan Ìkìrun gbẹ̀yìn. Ojú tì í ju ti ọjọ́ tí akọ̀wé ṣí sáfà lọ. Nígbà tó yá, ó dìde, ó tẹ̀ ẹ́, sáfà ṣí gbayawu. Orúkọ àwọn ọmọ náà dé Àbújá nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

"Wetin that word mean?" Ìyáàfin Itohan bi í.

"Person wey waka go far, but e no forget house."

Obìnrin náà wò ó. "And na that one you forget?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, olùṣọ́ ẹnu géètì pàápàá ti ń pè é ní "Oga Magbagbe". Ó di dandan kó pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ Sátidé, Efosa pè é. "Jide, we don set board o. Where you dey?"

Ọlájídé jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìkìrun, àwo ẹ̀gúsí lórí itan, èépo ẹ̀gúsí ní gbogbo ṣòkòtò.

"I dey with my mama," ó ní. "I go call you back."

Kò pè é padà.